Bí ẹ ṣe lè fi ayé inú kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn ọmọ fásitì

Luanti, ètò kọ̀ǹpútà kan téèyàn lè wọ inú ayé ẹ̀ rìn kiri, ni mo máa ń lò, òun ni wọ́n ń pè ní Minetest títí di 2024. Ọ̀fẹ́ ni, kọ̀ǹpútà àlòkù gan-an ń gbé e, búlọ́ọ̀kù ni wọ́n á máa tò níbẹ̀ bí ẹni ń mọlé. Second Life, ayé inú kọ̀ǹpútà mìíràn tó jáde ní 2003, dáa, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì tó lágbára ló ń fẹ́, ẹ fi sílẹ̀. Gbígbé Luanti sórí kọ̀ǹpútà ò le. Kọ̀ǹpútà tiyín á gbàlejò, àwọn tó kù á fi àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀ àti nọ́mbà 30000 wọlé, kò ní jẹ mégà kankan. Ẹ má fi hotspot fóònù so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀ o, kì í gba èrò. Ráútà àtijọ́ ni kẹ́ ẹ wá, tiwa l'Àjàṣẹ́ níbí, bátìrì àlùpùpù ló ń gbé e tí iná bá lọ.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wàhálà wà. Mo rí olùkọ́ kan tó kó ogójì ọmọ wọ inú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tó tún fẹ́ kọ́ wọn ní ìtàn lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ń lura wọn, òmíràn gbẹ́lẹ̀ títí kò lè jáde mọ́, ẹnì kan wó ilé tí olùkọ́ fi gbogbo òru kọ́, ó dùn mí fún un. Olùkọ́ náà ní eré ọmọdé ni. Irọ́ ni, wọn ò tíì mọ̀ ọ́n rìn ni!

Ẹ má kọ́ wọn ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ẹ pa damage, ìyẹn ìpalára, kí wọ́n tó wọlé kẹ́ ẹ yọ interact, àṣẹ láti fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù, kúrò nínú default_privs, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé máa ń gbà, ẹnikẹ́ni ò ní lè fọ́ búlọ́ọ̀kù kankan. Kí wọ́n rìn, kí wọ́n máa fò sókè, kí wọ́n máa bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n rìn, ẹ kọ /grant, orúkọ ẹ̀, àti interact, kẹ́ ẹ fi dá àṣẹ náà padà fún un. Èèyàn méjì sídìí kọ̀ǹpútà kan, kódà tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀, torí àríyànjiyàn wọn gan-an lẹ̀kọ́ ọ̀hún.

Iṣẹ́ tí mo máa ń gbé fún wọn ni Akaba Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ní Kétu, pẹ̀lú odi àti yàrà tó yí ìlú ká kí Dàhòmì tó fọ́ ọ ní 1886. Ọmọbìnrin kan gbẹ́ yàrà tán, ó dúró létí ẹ̀, ó ní, "Ibo wá làwọn èèyàn ń gbà lọ sóko?" Gbogbo kíláàsì dákẹ́. Ẹ má dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n lọ bi àgbà Kétu.

Kẹ́ ẹ tó pa kọ̀ǹpútà, ẹ da fódà ayé náà sínú fláàṣì, èmi fláàṣì méjì ni mo máa ń lò.