Ẹni Tó Dúdú Kì Í Ṣe Dúdú, Ẹni Tó Pupa Kì Í Ṣe Pupa: Ìwé Ìtọ́sọ́nà Lórí Pípo Ọ̀dà fún Àwọ̀ Ara

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń dàrú mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Yorùbá á ní lágbájá dúdú, tàmẹ̀dù pupa, ó parí, gbogbo wa ti mọ ohun tó ń sọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá wá jókòó síwájú kánfáàsì, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń yàwòrán sí, ohun tẹ́nu ti ń sọ látọjọ́ pípẹ́ ni ọwọ́ máa ń ṣe, ọwọ́ á lọ ṣí túùbù dúdú fún ẹni tó dúdú, á ṣí pupa àti funfun fún ẹni tó pupa, nígbà tó bá máa fi gbẹ, ẹni àkọ́kọ́ ti dà bí ìdí ìkòkò, ẹnì kejì ti dà bí ẹni tí omi gbígbóná bó lára. Èmi náà ṣe é dáadáa. Mo ya ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan nígbà yẹn, ó wò ó títí, ó wá bi mí pé ṣé òun ti kú ni.

Kò sí ara èèyàn tó dúdú tó ọ̀dà dúdú o, kò sì sí èyí tó funfun tó ọ̀dà funfun. Àtẹni tó dúdú kirikiri àtẹni tó pupa fòò, inú ìdílé kan náà la ti wá: àwọ̀ ọsàn tí wọ́n ti dín agbára ẹ̀ kù ni gbogbo wa, ti ẹnì kan ṣókùnkùn, ti ẹlòmíì mọ́lẹ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ melanin ló ń pinnu bí awọ ṣe máa ṣókùnkùn tó, ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lábẹ́ awọ ló ń fi pupa sí i. Ìmọ́lẹ̀ kì í kàn bà lé awọ kó sì padà, ó máa ń wọlé díẹ̀ kó tó jáde, ìdí nìyẹn tí etí ẹni tí oòrùn wà lẹ́yìn ẹ̀ fi máa ń pọ́n bí ẹ̀yinná.

Ọ̀dà tẹ́ ẹ máa nílò

Kò pọ̀ rárá. Ẹ má jẹ́ kí páálí olóríṣiríṣi àwọ̀ tó rẹwà yẹn tàn yín, mẹ́fà ti tó: titanium white (funfun), yellow ochre (yẹ́lò tó dà bí amọ̀), burnt sienna (búráùn tó fà sí pupa), burnt umber (búráùn tó ṣókùnkùn), ultramarine blue (búlúù), àti pupa kan ṣoṣo, bóyá cadmium red àbí alizarin crimson. Orúkọ Òyìnbó yìí ni mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé òun lẹ máa rí lára túùbù. Tẹ́ ẹ bá yí túùbù náà sẹ́yìn ẹ máa rí àmì kékeré kan, yellow ochre máa ń jẹ́ PY43, ultramarine máa ń jẹ́ PB29, titanium white PW6. Àmì yẹn lẹ fọkàn tán ju orúkọ lọ, torí ilé iṣẹ́ kan lè fún nǹkan ní orúkọ tó wù ú, tí ohun tó wà nínú ẹ̀ á yàtọ̀.

Túùbù tí wọ́n kọ flesh, ìyẹn àwọ̀ ara, sí lára ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ jọ̀ọ́. Ara ta ni? Àwọ̀ kan ṣoṣo kò lè jẹ́ ara gbogbo ayé, kódà kò lè jẹ́ gbogbo ojú ẹnì kan, torí iwájú orí yín àti àgbọ̀n yín kì í ṣe àwọ̀ kan náà.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí dúdú ò sí nínú mẹ́fà yẹn, ṣebí Anders Zorn, ayàwòrán ọmọ Sweden tó gbé láyé láti 1860 sí 1920, lo dúdú. Òótọ́ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n mọ ọ̀dà mẹ́rin péré: funfun, yellow ochre, pupa vermilion àti dúdú tí wọ́n ń pè ní ivory black. Àmọ́ iṣẹ́ búlúù ni dúdú yẹn ń ṣe fún un. Ẹ lú ivory black mọ́ funfun, kẹ́ ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹ́lò tàbí pupa, ojú yín á kàn gbà pé búlúù ló ń wò. Ìyẹn yàtọ̀ pátápátá sí kéèyàn máa fi dúdú lásán sọ nǹkan di ṣíṣókùnkùn.

Ní ti irú ọ̀dà, acrylic, ìyẹn ọ̀dà oníke tí wọ́n ń fi omi pò, máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì máa ń ṣókùnkùn díẹ̀ sí i tó bá ti gbẹ, nítorí náà ẹ po tiyín kó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ lọ. Ọ̀dà olóròóró kì í gbẹ fún ọjọ́ mélòó kan, àyè wà láti tún un ṣe. Watercolour, ọ̀dà olómi tó máa ń ṣàn, ní tiẹ̀, ṣe ló máa ń mọ́lẹ̀ sí i tó bá gbẹ.

Pípò ó gan-an

Ohun àkọ́kọ́ ni pé inú èyí tó mọ́lẹ̀ lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi èyí tó ṣókùnkùn kún un bíńtín bíńtín. Tẹ́ ẹ bá yí i padà, tẹ́ ẹ wá ń da funfun sínú dúdú kó lè mọ́lẹ̀, ẹ máa jẹ túùbù funfun tán kẹ́ ẹ tó débi tẹ́ ẹ̀ ń lọ, ọ̀dà á sì kún pálẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pákó tẹ́ ẹ̀ ń po ọ̀dà lé, bí ẹni fẹ́ kun ilé.

Fún ara búráùn tó wà láàárín, ẹ fi burnt sienna ìwọ̀n méjì sí yellow ochre ìwọ̀n kan, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wò ó. Ó máa gbóná jù, ìyẹn ni pé á fà sí pupa àti ọsàn jù, á dà bí ìkòkò amọ̀ tuntun. Ẹ wá fi ṣóńṣó ọ̀bẹ mú ultramarine díẹ̀, díẹ̀ ni mo sọ o, ẹ pò ó mọ́ ọn, ẹ máa rí i tí ariwo inú ẹ̀ á rọlẹ̀ tó máa wá dà bí awọ èèyàn. Tó bá yẹ kó mọ́lẹ̀ sí i, funfun díẹ̀ pẹ̀lú ochre díẹ̀.

Fún ẹni tó dúdú gan-an, burnt umber àti ultramarine ni ìpìlẹ̀. Àwọn méjèèjì tí wọ́n bá pàdé máa ń ṣókùnkùn débi pé ẹ ò ní rántí túùbù dúdú mọ́, àǹfààní tó sì wà níbẹ̀ ni pé ẹ lè tì í síbi tó wù yín: umber tó pọ̀ jù, ó gbóná, ultramarine tó pọ̀ jù, ó tutù, ìyẹn ni pé á fà sí búlúù. Ẹ kán alizarin crimson sí i kí ẹ̀jẹ̀ lè wà níbẹ̀. Awọ tó dúdú ní pupa àti pọ́pù (àwọ̀ àlùkò) nínú ju báwọn èèyàn ṣe rò lọ, ẹ wo abẹ́ ìpéǹpéjú àti ẹ̀gbẹ́ imú.

Fún ẹni tí ara ẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, funfun ló máa pọ̀ jù, yellow ochre tẹ̀ lé e, pupa bí orí abẹ́rẹ́, búlúù kéré sí ìyẹn.

Ìwọ̀n tí mo sọ yìí kì í ṣe òfin o, agbára ọ̀dà ilé iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe tó bá bàjẹ́. Ó ti dà bí ọsàn jù: búlúù díẹ̀. Ó ń ṣe bí àwọ̀ ewé: pupa díẹ̀. Ó ń lọ sí pọ́pù: ochre. Èyí tó máa ń bá gbogbo wa jà jù ni pé ó máa ń rí bí eérú, bí ẹni tí kò fi òróró para láti àná, funfun ló fà á, torí funfun kì í kàn mú nǹkan mọ́lẹ̀ nìkan, ó tún máa ń mú un tutù, kó sì pa adùn ẹ̀. Ẹ dá ochre tàbí burnt sienna padà sí i. Ibi tí ẹ̀gbọ́n mi ti di òkú nìyẹn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti bára mu? Ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo fọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń wò, kẹ́ ẹ kán ọ̀dà yín sórí ọ̀rá náà níbi tẹ́ ẹ fẹ́ yà gan-an. Tó bá pòórá, ẹ ti débẹ̀. Tó bá ṣì hàn, ó máa sọ ohun tó kù fún yín, ṣé ó mọ́lẹ̀ jù ni àbí ó pọ́n jù. Tẹ́ ẹ bá mú un nínú ìdánwò yìí dáadáa kò sẹ́ni tó lè fi ẹnu tàn yín mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ló ń jẹ́ kójú jọ ojú

Mo mọ̀ pé àwọ̀ lẹ wá gbọ́, àmọ́ ẹ lè ya èèyàn ní búlúù pátápátá kí ìyá ẹ̀ ṣì dá a mọ̀, tí ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi tó ṣókùnkùn bá ti wà níbi tó yẹ. Tí ìyẹn bá ti lọ, àwọ̀ tó péye jù láyé ò lè gbà yín. Nítorí náà ẹ di ojú yín ku díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ yà, àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ á pa rẹ́, á wá ku ìmọ́lẹ̀ ńlá àti òjìji ńlá. Ẹ fi burnt umber àti funfun nìkan ya gbogbo ojú náà lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ tó mú àwọ̀ kankan débẹ̀. Kẹ́ ẹ wá fi fóònù ya iṣẹ́ yín àti fọ́tò tẹ́ ẹ̀ ń wò, sọ méjèèjì di aláìláwọ̀, gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, irọ́ á hàn.

Ohun kan tún wà, kánfáàsì funfun máa ń pani lójú dà. Àwọ̀ tẹ́ ẹ bá kán sórí funfun máa dà bí èyí tó ṣókùnkùn ju bó ṣe jẹ́, ẹ̀rù á bà yín, ẹ ò ní lè mú un ṣókùnkùn tó. Ẹ fi burnt sienna tó ṣàn bí omi kun gbogbo kánfáàsì náà kó gbẹ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Pálẹ́ẹ̀tì náà, kó má funfun, kó jẹ́ àwọ̀ eérú tàbí àwọ̀ igi.

Ojú fúnra ẹ̀

Ìmọ̀ràn àtijọ́ kan wà tó ṣì wúlò: iwájú orí máa ń fà sí yẹ́lò, àárín ojú, ìyẹn imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti etí, máa ń fà sí pupa torí ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ojú níbi àgbọ̀n máa ń fà sí búlúù tàbí eérú, pàápàá lára ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fárùngbọ̀n. Kò hàn dọ́gba lára gbogbo èèyàn, ẹ kàn wá a, ẹ máa rí i.

Ibi tó ń dán lójú, ẹ má fi funfun gidi kàn án. Lára ẹni tó dúdú tó jókòó síta, ojú ọ̀run ló ń dán níwájú orí ẹ̀, búlúù tó rọ̀ ló máa jẹ́. Lábẹ́ gílóòbù yẹ́lò, yẹ́lò ló máa jẹ́. Awọ tó dúdú máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ yìí hàn ju awọ tó mọ́lẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ẹwà ẹ̀ wà, ẹni tó bá fi dúdú àti funfun ya èyí ti sọ góòlù di páànù.

Ẹyinjú kì í funfun, àwọ̀ eérú tó ní pupa díẹ̀ ni, ìpéǹpéjú òkè sì máa ń da òjìji sí i lórí. Eyín náà, bákan náà. Ètè òkè sábà máa ń ṣókùnkùn ju ti ìsàlẹ̀ lọ torí òkè ni ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀. Ìdajì orí ni ojú méjèèjì wà, kì í ṣe òkè bí ọ̀pọ̀ ṣe ń yà á, ti ọmọdé tún wálẹ̀ sí i, àyè tó wà láàárín ojú méjèèjì sì tó ojú kan.

Tó bá jẹ́ fọ́tò lẹ máa wò, ẹ má gbé fóònù sún mọ́ èèyàn, imú á wú. Ẹ dúró ní bíi mítà méjì. Ẹ jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wá láti wíńdò kan ṣoṣo. Kẹ́ ẹ sì pa nǹkan tó ń bó èèyàn lára nínú fóònù yẹn, ìyẹn beauty filter, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé e, ẹni tí kò sí láyé lẹ máa yà.

Torí àwọn ará ilé

Àkísà tó ti mu òróró linseed, ìyẹn òróró tó máa ń wà nínú ọ̀dà olóròóró, lè gbiná fúnra ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ká a jọ sójú kan, láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ, tàbí kẹ́ ẹ rì í sínú agolo onírin tó lómi, kẹ́ ẹ dé e. Tẹ́ ẹ bá ń lo turpentine, ohun tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà olóròóró kúrò, ẹ ṣí wíńdò. Ẹ má fi ẹnu tọ́ ṣóńṣó búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má jẹun pẹ̀lú ọ̀dà lọ́wọ́, ẹ gbé túùbù jìnnà sí ọmọdé, èyí tó ní cadmium tàbí òjé nínú léwu tó bá wọ inú. Omi tẹ́ ẹ fi fọ búrọ́ọ̀ṣì, ẹ má dà á sí kànga, ẹ má dà á sórí ohun ọ̀gbìn, ẹ má sì jẹ́ kí ẹran ọ̀sìn mu ún.

Ibi tẹ́ ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la

Ọwọ́ yín ni, kì í náni lówó, kì í sì í rojọ́ pé òun ti jókòó pẹ́ jù. Ẹ ya ẹ̀yìn ọwọ́ sápá kan ìwé, kẹ́ ẹ ya àtẹ́lẹwọ́ sí apá kejì, èèyàn kan náà, àwọ̀ méjì. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ pò pọ̀ àti ìwọ̀n ẹ̀ sí abẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, torí ẹ ò ní rántí. Àárọ̀ lẹbàá wíńdò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe é, kẹ́ ẹ tún un yà lálẹ́ lábẹ́ gílóòbù láìwo ti àárọ̀, tó bá di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ gbé méjèèjì síta kẹ́ ẹ wò wọ́n pa pọ̀.