Ìtàn Ẹ̀rù Tí Mo Kọ fún Ọmọ Mi Kò Jẹ́ Kí N Rí Oorun Sùn

Òru mẹ́fà gbáko ni ọmọ mi ọdún márùn-ún fi sùn láàárín èmi àti ìyá rẹ̀, tó ń fi ẹsẹ̀ gbá mi nímú. Èmi náà ni mo fà á. Ó ń bẹ̀rù òkùnkùn, mo ní kí n kọ ìtàn tí yóò lé ẹ̀rù náà lọ. Ìtàn ọ̀hún ló wá dá kún un.

Ìtàn náà kò le kọ: ọmọ kan ń gbọ́ "gbì, gbì" lẹ́yìn ilẹ̀kùn lóru. Ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí gan-an ni mo há sí.

Lákọ̀ọ́kọ́, mo ya nǹkan eléyín ṣóṣóró síbẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọmọ mi pa ìwé dé, ó bú sẹ́kún. Mo tún un kọ, mo ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àpò tí wọ́n gbé kọ́ sára ilẹ̀kùn ló ń dún. Ó wò mí, ó ní, "Ṣé ó ti tán?" Ìyẹn dùn mí ju ẹkún lọ. Ní ẹ̀kẹta, mo ní kí bàbá ọmọ náà wá tan iná. Ọmọ mi ronú díẹ̀: "Dádì, tí ẹ bá ti sùn ńkọ́?"

Kí ni mo fẹ́ fi dáhùn?

Mo wá jẹ́ kí ọmọ inú ìtàn fúnra rẹ̀ gbé tọ́ọ̀ṣì, kó ka ení dé àrún, kó ti ilẹ̀kùn. Síbẹ̀, ọmọ mi ṣì ń fi ọwọ́ bojú! Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń bínú kí n tó rí ibi tó ti ń jò. Bébà 8 ni mo ká sí méjì, tí mo rán láàárín, kó lè jẹ́ ojú ìwé 32 bíi ti ọ̀pọ̀ ìwé àwòrán ọmọdé. "Gbì" wà ní ojú ìwé 16, ilẹ̀kùn tó ṣí wà ní 17, wọ́n kọjú síra. Kí n tó ka "gbì", ó ti rí òkùnkùn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo sún gbogbo rẹ̀ síwájú ní ojú ìwé kan. Ní báyìí, àfi kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ìwé kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ọgbọ́n yẹn, mo ṣì ń fi yangàn.

Ká ní mo mọ̀ ni, ojú ìwé yẹn ni ǹ bá kọ́kọ́ kọ, ọ̀sán gangan ni ǹ bá sì ti kà á fún un.

Ó ti padà sí yàrá rẹ̀. Àmọ́ lóru àná, mo gbọ́ "gbì, gbì" lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa, ẹnì kan sì ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.