Ẹ Má Gé Wáyà Kúrú: Ìtọ́sọ́nà lórí Fífi Ìgbì Yẹ Ilẹ̀ Wò Kí A Tó Gbẹ́ Kànga

A kọ ìwé yìí fún àwọn àgbẹ̀ àti onílé tí ilẹ̀ wọn wà lórí àpáta, bíi ti Ìbàdàn, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́, nítorí pé a ń rí àwọn tí wọ́n náwó yẹ ilẹ̀ wò, síbẹ̀ tí kànga wọn kò lómi. Ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú òkúta tí ó ti jẹrà àti ojú ibi tí àpáta ti sán ni omi máa ń sá sí. Bí òkúta jíjẹrà náà ṣe nípọn tó ni ìgbì, ìyẹn ìmìtìtì tí ó ń gba inú ilẹ̀ kọjá bí a bá lù ú, ń sọ. Kò lè búra pé omi wà níbẹ̀, nítorí náà ẹ má bá òṣìṣẹ́ jà bí ó bá ní òun yóò tún fi iná mànàmáná yẹ ibẹ̀ wò.

Òṣìṣẹ́ yóò gún jíófóònù 24, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ó ń gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, yóò so wọ́n mọ́ wáyà, yóò sì fi òòlù ńlá lu irin pẹlẹbẹ. Ìgbì náà máa ń rin nǹkan bíi mítà 300 sí 700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nínú iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, ó sì máa ń ju mítà 4,500 lọ nínú àpáta líle. Àsìkò tí ó fi dé ọ̀dọ̀ jíófóònù kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ṣírò ibi tí àpáta wà.

Àṣìṣe tí a ń rí lemọ́lemọ́ ni pé onílẹ̀ kò fẹ́ kí wáyà wọ oko aládùúgbò, ó wá ní kí a ṣe é mọ́ inú ọgbà òun. Wáyà gbọ́dọ̀ gùn tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún jíjìn tí ẹ fẹ́ mọ̀. Bí mítà 5 bá wà láàárín jíófóònù kan sí èkejì, ìlà náà yóò gùn ní mítà 115, a ó sì rí nǹkan bíi mítà 23 sí 28 nísàlẹ̀. Bí ẹ bá dín in kù sí mítà 2, ìlà di mítà 46, ohun tí ó bá sì jìn ju bíi mítà 11 lọ, a kò rí i. Ẹni tí ó fi irú èsì bẹ́ẹ̀ gbẹ́ kànga mítà 40, tẹ́tẹ́ ni ó ta. Ẹ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ aládùúgbò ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Inú poro ni wáyà máa ń gbà, kò ní kí ẹnikẹ́ni fa ẹ̀gẹ́ tu.

Ẹ jẹ́ kí a lu irin ní orí ìlà, ní àárín àti ní ìdí rẹ̀, ní ìgbà márùn-ún sí mẹ́wàá lójú kan, nítorí àpáta lè dagun. Ní àkókò náà, ẹ pa jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọta. Ẹni tí ó bá ń gúnyán lẹ́yìnkùlé ń bá wa lu ilẹ̀ náà ni.

Bí yangí líle bá bo ilẹ̀ yín, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́, nítorí ọ̀nà yìí kì í rí ilẹ̀ rírọ̀ tí ó bá wà lábẹ́ ohun líle. Bí kànga àtijọ́ bá wà nítòsí, ẹ fi hàn án, kí ó wọn bí yangí inú rẹ̀ ṣe nípọn tó kí ó tó tẹ́ wáyà.