Bí a ṣe ń kọ mẹ́mò nígbà tí a bá ń tú ọ̀rọ̀ ìwádìí lórí kọ̀ǹpútà

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò 18 ni mo gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá ẹlẹ́ja ní ọjà Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́. Mo dà á kọ tán, mo kó o sínú kọ̀ǹpútà, mo wá ń so kóòdù, ìyẹn orúkọ kúkúrú tó ń sọ ohun tí ọ̀rọ̀ kan dá lé, mọ́ ọ̀rọ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn kóòdù náà ni mo pè ní "ojú". Nígbà tí mo fi máa padà síbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀rọ̀ 41 ló ti wà lábẹ́ rẹ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo ní lọ́kàn mọ́. Ìyá kan ní, "Ojú ń tì mí láti bèèrè owó mi." Òmíràn ní, "Ojú ti mọ ojú, kò lè sá fún mi." Ẹ̀kẹta ní òun kì í gbójú kúrò lára ẹja tó bá wà lórí iná. Ìtìjú, ojúlùmọ̀, ìṣọ́ra, apẹ̀rẹ̀ kan náà ni mo dà wọ́n sí. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni mo fi ṣà wọ́n.

Mẹ́mò ni mi ò kọ. Mẹ́mò ni àkọsílẹ̀ tí olùwádìí ń kọ fún ara rẹ̀ bó ṣe ń ka ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn: ohun tó rí, ohun tó rò sí i, ohun tó ń rú u lójú. Láti ọdún 1967 tí Barney Glaser àti Anselm Strauss ti gbé ọ̀nà ìwádìí tí à ń pè ní grounded theory (fífa àlàyé yọ látinú ọ̀rọ̀ àwọn èèyàn fúnra wọn) jáde ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti fi í ṣe òfin pé bí èrò bá ti sọ síni lọ́kàn, ká dá kóòdù síso dúró, ká kọ ọ́ ná. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, NVivo, ATLAS.ti, MAXQDA àti QualCoder tó jẹ́ ọ̀fẹ́, gbogbo wọn ló ní àyè fún un. Ìpamọ́ àti wíwá ni iṣẹ́ tiwọn. Èèyàn ló ń ronú.

Kí ẹ tó so kóòdù àkọ́kọ́, ẹ ṣí mẹ́mò kan tí yóò jẹ́ ìwé ọjọ́ fún iṣẹ́ náà. Ìlà méjì tàbí mẹ́ta ti tó lójoojúmọ́: déètì, ibi tí ẹ bá iṣẹ́ dé, ohun tó kàn. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ kọ ìpinnu yín lórí àmì ohùn sí. Bí ẹ bá ní kí kọ̀ǹpútà wá "owo", ó lè má mú "owó" wá fún yín, ó sì lè kó ọ̀rọ̀ òwò wá dípò rẹ̀ tó bá jẹ́ pé láìlámì lẹ tẹ ìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, kóòdù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní mẹ́mò tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá dá a sílẹ̀ gan-an. Ẹ kọ ohun tó túmọ̀ sí, ohun tó lè wọ abẹ́ rẹ̀, ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi àpẹẹrẹ kan tì í. Èyí tí mo padà kọ rèé:

"Ojúlùmọ̀: kí olùtajà àti oníbàárà ti mọ ara wọn débi pé kò ní rọrùn fún èyíkéyìí nínú wọn láti já èkejì kulẹ̀. Ìtìjú kò sí níbí, ó ti ní kóòdù tirẹ̀. Àpẹẹrẹ: Ìyá 4, 'Ojú ti mọ ojú.'"

Ìsọ̀rí tó lérè jù ni mẹ́mò èrò. Ẹ má ṣe ní ẹ ó kọ ọ́ tó bá dalẹ́. Ibi tí ẹ bá ti ń kà á tí nǹkan bá yà yín lẹ́nu, ẹ dúró níbẹ̀. Èdè tí wọ́n fi bá yín sọ̀rọ̀ ni kí ẹ fi kọ ọ́, ì báà jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ máa fi kọ ìwé yín níkẹyìn. Kí ẹ sì ya ohun tí wọ́n sọ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀yin rò, torí tó bá pẹ́ díẹ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ́ tiyín mọ́. Ẹ wo èyí:

"Ìyá 7 sọ pé: 'Tó bá san án tán, kí ló tún máa gbé e wá sọ́dọ̀ mi?' Èrò mi: abẹ́ 'ìṣòro' ni mo ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ àwìn sí. Ṣé ìṣòro ni lójú tiwọn? Ó jọ pé òun ni okùn tí wọ́n fi ń so oníbàárà mọ́ra. Wo Ìyá 3 àti Ìyá 11. Ìbéèrè: ta ni wọn kì í tà láwìn fún?"

Ẹ so mẹ́mò mọ́ gbólóhùn tó bí i. Nínú NVivo, mẹ́mò kan ṣoṣo lẹ lè so mọ́ fáìlì tàbí kóòdù kan, nítorí náà, ìsàlẹ̀ ti àtijọ́ ni kí ẹ máa kọ èrò tuntun sí, pẹ̀lú déètì. Nínú ATLAS.ti, mẹ́mò kan lè di ọ̀pọ̀ gbólóhùn mú.

Nípa orúkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fiyè sí i. A máa ń yọ orúkọ kúrò nínú ọ̀rọ̀ tí a dà kọ, ká wá gbàgbé rẹ̀ sínú mẹ́mò. Ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń ná, "ìyá tó ń yan òbòkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi" sì ti tó kí wọ́n fi dá èèyàn mọ̀. Àwọn ìyá yìí fọkàn tán wa kí wọ́n tó lanu. Ìyá 7 ni kó jẹ́ níbi gbogbo.

Ẹ tọ́jú ẹ̀dà sórí fláàṣì kí iná tó lọ.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ ka mẹ́mò nìkan, ẹ fi kóòdù sílẹ̀. Níbi tí mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo ti rí i pé ìgbà mẹ́fà ni mo ti bi ara mi ní ìbéèrè àwìn yẹn láìdáhùn. Mo padà sí Olúwo, òun nìkan ni mo sì gbé lọ. Ìyá 7 ń to ẹja sórí àwọ̀n, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹni tí mi ò bá fẹ́ kó padà wá ni." Mo kọ ọ́ sábẹ́ mẹ́mò àkọ́kọ́, mo fi déètì sí i, mo sì yọ àwìn kúrò lábẹ́ "ìṣòro".