Bí mo ṣe ka ìwé kẹta lóru Àìsùn Àjíǹde

Ọjọ́ Àìkú kejì nínú ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ ni bàbá tó ń ṣètò àwọn òǹkàwé ní ìjọ wa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn Mísà. Ó ní èmi ni n ó ka ìwé kẹta lóru Àìsùn Àjíǹde, ní èdè Yorùbá, nítorí pé Faransé, Gùn àti Yorùbá ni a jọ ń pín ìwé kíkà òru náà láàrin ara wọn. Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá," ṣùgbọ́n àyà mi já. Ìwé méje ni wọ́n ń kà látinú Májẹ̀mú Láéláé lóru ọjọ́ náà, kó tó kan Episteli àti Ìhìnrere. Bí ìdí bá wà, Fadá lè dín méje yẹn kù, ṣùgbọ́n ti Ẹ́kísódù orí 14, níbi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti la òkun kọjá, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọ́. Òun gan-an ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Iléèwé Faransé ni mo lọ. Inú ìjọ ni mo ti mọ Yorùbá kà, mo sì lọ kíláàsì àwọn àgbà fún ìgbà díẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ ɛ àti ɔ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Bíbélì tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, Nàìjíríà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́: ẹ àti ọ tó ní àmì nísàlẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àmì ohùn kò sì pọ̀ lórí ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé ọmọ iléèwé, láti ẹsẹ 15 títí dé ẹsẹ kìn-ín-ní orí 15. Mo ń kọ ìlà kan, mo ń fo ìlà kan, mo wá fi báírò pupa fi àmì ohùn sí i.

Ibẹ̀ ni "okun" ti fojú mi rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ yẹn jáde níbẹ̀ ju ìgbà mẹ́wàá lọ. Bí mo bá gbé ohùn sókè níbi tí kò yẹ, okun tí a fi ń ṣiṣẹ́ ni. Bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn, okùn tí a fi ń so ewúrẹ́ ni. Òkun ni mo ń wá. Mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo ń wa ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sì ń pè é sókè: òkun, òkun, òkun. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi pè é.

Mo ti ka ẹsẹ 15 tó ìgbà mẹ́wàá kí n tó gbọ́ ọ. Òkun wà níwájú, ẹṣin Fáráò ń bọ̀ lẹ́yìn, Olúwa sì bi Mósè pé: "Èéṣe tí ìwọ fi ń ké pè mí? Sọ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kí wọn kí ó tẹ̀ síwájú." Mo gbé báírò sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá wa ni ọ̀rọ̀ owó ìnáwó ti dá ìjà sílẹ̀ láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ọdún méjì ń lọ, n kò dé Adjarra tó ń gbé. Alaalẹ́ ni mo sì ń ka Mo kí ọ Màríà mẹ́wàá nítorí rẹ̀, pé kí Ọlọ́run parí ìjà náà. Ọlọ́run ti gbọ́ igbe Mósè. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ló kù tí kò tíì gbéra. Mo sunkún lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní Ọjọ́rú Ọ̀sẹ̀ Mímọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo gun zẹ́míjàn, ọ̀kadà tiwa, ní Ouando. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

Kò gbójú sókè. Ó mú òkúta kékeré kan nínú ẹ̀wà, ó jù ú nù, ó tún mú òmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Ìwọ náà rántí ọ̀nà." Lẹ́yìn náà, "Dìde, ilẹ̀ yẹn tutù."

A kò rí ọ̀rọ̀ sọ, ni mo bá mú ìwé mi jáde, mo ní kó bá mi gbọ́ ọ. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ni ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe láti ìgbà tó ti dé ilé ọkọ. N kò tíì ka ìdajì tó fi rẹ́rìn-ín: "Ìtàn Ànábì Mùsá nìyí!" Ó ní nínú Kùránì, ńṣe ni Mùsá fi ọ̀pá na òkun. Mo ní nínú tiwa, ó na ọwọ́ rẹ̀ sórí òkun ni. A wo ara wa. Na òkun, na ọwọ́: ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu àwa méjèèjì. Ó ní kí n tún un kà. "Má sáré. Àwọn tó ń gbọ́ ọ kò mú ìwé dání." Nínú gbogbo ìmọ̀ràn tí mo gbà, òun ló wúlò jù. Ọ̀rọ̀ owó, a kò tíì yanjú rẹ̀ tán, ṣùgbọ́n ó sin mí dé títì.

Lóru Àìsùn, ìta ni a ti dáná, a sì tan àbẹ́là Àjíǹde lára rẹ̀. Ní ìjọ tiwa, a kì í tan iná mànàmáná títí a ó fi dé orin Ògo, nítorí náà àbẹ́là ọwọ́ mi ni mo fi ríran. Ìda rẹ̀ kán sórí ìwé mi, ó bo ọ̀rọ̀ méjì mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ wọ́n lórí. Níbi "kí wọn kí ó tẹ̀ síwájú," mo dúró díẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Mósè àti àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti fẹ́ kọrin, ẹgbẹ́ akọrin gba orin náà lẹ́nu mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: "Èmi ó kọrin sí Olúwa." Ara mi ń gbọ̀n.

Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, mo gbé ìrẹsì lọ sí Adjarra. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kà á fún àwọn ọmọ òun lórí ẹní. Èyí tó kéré jù nínú wọn bi mí pé báwo ni ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ṣe máa gbẹ tí ẹsẹ̀ wọn kò ní rì. Mo padà sí ẹsẹ 21, mo fi ìka tọ́ ọ fún un, mo tún un kà: gbogbo òru ni afẹ́fẹ́ fi fẹ́.