Bí mo ṣe tún ògiri alámọ̀ ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ṣe ní Láfẹ́nwá, l'Abẹ́òkúta

Abẹ́òkúta jìnnà sí òkun, síbẹ̀ ìlú èbúté ni tẹ́lẹ̀. Kí ojú irin tó dé, ọkọ̀ àjẹ̀ ló ń kó òwú, epo pupa àti èkùrọ́ gba orí odò Ògùn lọ sí Èkó, Àró, èbúté Abẹ́òkúta, sì ni wọ́n ti ń gbéra. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, tí omi fà, òwò á falẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó ní 1896, wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Ni ẹrù bá kúrò lójú omi, ó bọ́ sórí irin. Gbogbo wa la mọ̀ pé Olúmọ ṣe é tọ́jú, a mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì Saint Peter l'Aké ṣe é tọ́jú. Ilé tí wọ́n ń kó èkùrọ́ sí ńkọ́? Àwọn ilé wọ̀nyí ló bọ́ ìlú, àwọn la sì ń wò tí wọ́n ń wó.

Èyí tí mo tún ṣe, òkúta ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀, páànù ni wọ́n fi kàn án lórí. Ògiri ẹ̀yìn, tó gùn tó mítà 9, ló ti ń bẹ́. Ẹnì kan ti fi símẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nígbà kan rí kó lè dára lójú, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Omi máa ń gòkè láti inú ilẹ̀ wọ inú amọ̀, oòrùn á sì fà á jáde lójú ògiri. Símẹ́ǹtì dí ojú ọ̀nà yẹn pa. Omi á jókòó sẹ́yìn rẹ̀, amọ̀ á di ẹrẹ̀, síbẹ̀ ojú ìta á ṣì máa dán gbinrin títí ọjọ́ tí yóò fi ya lulẹ̀.

Mo kọ́kọ́ fi èkù òòlù kan ògiri náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ibi tó le máa ń dún kì, ibi tó ti ṣófo á dún bí akèrègbè. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yí gbogbo ibi tó ṣófo ká. Ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀n 70 sẹ̀ǹtímítà ló burú jù.

Ẹ má tíì fọwọ́ kan ògiri kí ẹ tó mọ ibi tí omi ti ń wá. Níbí, ọ̀nà méjì ni. Etí páànù kò yọ ju 15 sẹ̀ǹtímítà lọ, torí náà ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń já sẹ́bàá ògiri, ó ń ta ẹrẹ̀ sí i lára. A fi igi kún igi orùlé, a sì fa páànù yọ dé 60. Ìkejì, kọnkéré àgbàlá dà sọ́dọ̀ ògiri, ilẹ̀ sì ti ga bo òkúta ìpìlẹ̀. A fọ́ kọnkéré náà ní fífẹ̀ 40 sẹ̀ǹtímítà, a gbẹ́ ilẹ̀ títí òkúta fi yọ sókè ní 25, a sì jẹ́ kí ojú ilẹ̀ dà kúrò lára ilé, 2 sẹ̀ǹtímítà fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ò gbọdọ̀ gbẹ́ kọjá ìdí òkúta o, ilé lè jókòó.

Bí a bá ń bó símẹ́ǹtì, òkè la ti ń bẹ̀rẹ̀. Irin ìgbẹ́ pẹlẹbẹ ni mo lò, mo dà á dùbúlẹ̀ sára ògiri, mo ń fi òòlù kékeré tì í. Ẹni tó bá gbé òòlù ńlá á gbé ògiri dání pẹ̀lú símẹ́ǹtì. Lẹ́yìn náà a fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 3 nínú ọyẹ́ kó gbẹ.

Erùpẹ̀ ni ọkàn iṣẹ́ yìí. Amọ̀ tó ya lulẹ̀ lára ògiri fúnra rẹ̀ ló dára jù, ẹ má dà á nù. A yọ símẹ́ǹtì kúrò nínú rẹ̀, a gún un, a sì jọ̀ ọ́. Láti mọ bó ṣe rí, mo bu ú dé ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò kan, mo bu omi kún un, mo fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, mo sì mì í dáadáa. Iyanrìn jókòó sísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan, amọ̀ tó kúnná kò jókòó tán títí di ọjọ́ kejì. Iyanrìn tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta, ó dára bẹ́ẹ̀. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, ògiri á sán. Bí iyanrìn bá pọ̀ jù, á máa hó dànù bí a bá fọwọ́ rà á.

Ìwọ̀n tí mo lò ni báàfù 4 amọ̀ àtijọ́, báàfù 2 ilẹ̀ pupa, báàfù 1 iyanrìn, àti ìdajì báàfù koríko gbígbẹ tí a gé kúkúrú bí ìka ọwọ́. A fi ẹsẹ̀ pò ó, a bò ó, a sì ń yí i láràárọ̀ fún ọjọ́ 4. Bàbá bíríkìlà tó bá mi pò ó ní, "Ẹ jẹ́ ká bu símẹ́ǹtì díẹ̀ sí i, kó lè gan." Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká dán an wò. A rẹ́ ibi 2 sí ara ògiri, ọ̀kan ní símẹ́ǹtì, èkejì kò ní. Lẹ́yìn ọjọ́ 10, bàbá fi èékánná ṣí etí èyí tó ní símẹ́ǹtì. Ó ṣí odindi bí èèpo iṣu sísè, awọ amọ̀ àtijọ́ sì bá a wá lẹ́yìn. Èkejì kò mira. Bàbá kò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n ní kí n gbé amọ̀ wá.

Ihò tó jìn, bíríkì la fi dí i: amọ̀ kan náà, 30 ní 15 ní 10 sẹ̀ǹtímítà, tí a ti sá fún ọ̀sẹ̀ 3. A gé ihò náà bí àtẹ̀gùn kí bíríkì lè rí ibi jókòó. Èyí tí kò jìn, a wọ́n omi sí i, a fi amọ̀ ṣíṣàn pa á, a wá ń sọ ìṣù amọ̀ mọ́ ọn tagbára-tagbára. Ọwọ́ lásán kò lè tẹ̀ ẹ́ wọlé tó bẹ́ẹ̀. Kò gbọdọ̀ nípọn ju 10 sẹ̀ǹtímítà lọ lójúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á yọ̀ wálẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì la rẹ́ ẹ: àkọ́kọ́ nípọn ní mìlímítà 15, èkejì 8. Ti ìkẹyìn ni a po bọ̀ọ̀tọ̀, ìyẹn ìgbẹ́ màlúù, mọ́, báàfù 1 sí amọ̀ 6, bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń fi pa ilé. Apá ìwọ̀-oòrùn la rẹ́ lọ́sàn-án gangan, ó sán ká bí èèpo ẹyin kí ilẹ̀ tó ṣú. A fi omi rẹ ẹ́, a tún un rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì fi àpò tútù bò ó fún ọjọ́ 3.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìsàlẹ̀ ògiri tutù dé ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lókè òkúta. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, ó ti gbẹ. Igun tí ìjì ń fẹ́ òjò lù yóò máa fẹ́ àtúnrẹ́ ní ọdún méjì-mẹ́ta síra. Báàfù 6 amọ̀ jíjọ̀ wà nínú àpò lábẹ́ àtẹ̀gùn fún un.