Àlàfo láàárín ìbéèrè: bí mo ṣe dán API áàpù àwọn ẹlẹ́ja wò

Áàpù kan tí àwọn ẹlẹ́ja ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ yóò máa fi gba ọ́dà ni wọ́n ní kí n bá wọn dán API rẹ̀ wò, ìyẹn ọ̀nà tí áàpù ń gbà bá server (kọ̀ǹpútà tó ń dá a lóhùn) sọ̀rọ̀. Nínú Postman, irinṣẹ́ tí a fi ń dán API wò, bí mo bá tẹ Send lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́ ló ń dáhùn. Àmọ́ tí mo bá kó gbogbo wọn sínú Collection Runner, tó ń sáré wọn tẹ̀ léra, àwọn tó ṣáájú á yọ àwọ̀ ewé, ìyẹn ni pé wọ́n yege. Ká tó wí ká tó fọ̀, pupa ti gba ojú kọ̀ǹpútà: 429, 429, 429.

Nọ́ńbà yẹn kì í ṣe àrùn kóòdù. RFC 6585, ìwé ìlànà íńtánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2012, ló fi í lélẹ̀, ohun tó sì ń wí ni pé ìbéèrè ti pọ̀ jù. Bí ogún èèyàn bá pagbo yí ìyá ẹlẹ́ja kan ká, tí gbogbo wọn ń béèrè èló ni obòkún lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà á ní kí wọ́n sún sẹ́yìn. Mo bi ẹ̀gbọ́n tó kọ API náà bóyá a lè yọ ààlà tó fi sí iye ìbéèrè kúrò fún ìdánwò. Ó ní, “Àbúrò mi, má fọwọ́ kàn án o. Ìbéèrè kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó ṣe máa rí lọ́jọ́ tí ọjà bá kún nìyẹn.” Òótọ́ ló sọ.

Ni mo bá kọ 1200 sínú àpótí Delay ní Runner, ìyẹn àlàfo láàárín ìbéèrè kan sí èkejì. Milliseconds ni wọ́n ń kà níbẹ̀, 1000 ni ìṣẹ́jú àáyá kan. Mo fi 200 lé e torí mi ò fẹ́ máa rìn létí ààlà gan-an. Lórí tẹ́mínà, Newman, tó ń sáré àwọn ìbéèrè Postman láti ibẹ̀, náà ní tirẹ̀:

newman run epe.json --delay-request 1200

Pupa lọ, ó ku ẹyọ kan. Ìdánwò tó ń wò bóyá owó ọ́dà ti wọlé ṣì ń kùnà, tòun ti pé 200 (nọ́ńbà tó ń sọ pé ìbéèrè yọrí) ni server dá padà. Ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀: server ṣì ń yẹ owó wò lábẹ́nú nígbà tí ìbéèrè mi bá dé, “pending” (kò tíì parí) ló sì máa bá níbẹ̀. Àwọn kan á kàn gbé Delay gbogbo rẹ̀ lọ sí 5000. Èmi ò fara mọ́ ọn. Kí ni àtòjọ ẹja fẹ́ fi ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ṣe? Èèyàn lè kọ setTimeout(() => {}, 5000) sínú pre-request script (kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ kí ìbéèrè tó lọ) ti ìbéèrè yẹn nìkan, Postman á sì dúró dè é. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí nǹkan bá falẹ̀, 5000 náà lè má tó. Ohun tí mo ṣe ni pé bí ìdáhùn bá ṣì jẹ́ pending, pm.execution.setNextRequest á tún ìbéèrè náà pè, 1200 tó wà nílẹ̀ á sì là wọ́n láàárín. Mo fi òǹkà sí i, kó jáwọ́ tó bá ti pè é ní ìgbà mẹ́wàá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á kàn máa yí lọ ni. (Ẹ má wulẹ̀ fi Send dán èyí wò o, àfi tẹ́ ẹ bá sáré collection lápapọ̀ ló ń ṣiṣẹ́.)

Ìdánwò kan wà tí mo dìídì yọ àlàfo rẹ̀. Fáìlì rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, ó ń da ìbéèrè bo server léraléra, ó sì gbọ́dọ̀ rí 429 àti Retry-After (iye àkókò tó yẹ kéèyàn dúró kó tó tún béèrè) nínú header ìdáhùn kó tó yọ àwọ̀ ewé. Tí 429 ò bá yọjú níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ni mo máa pè.